Ta Ló Kọ́kọ́ Bá Wọn Sọ̀rọ̀? Àjẹsára Láàrin Àwọn Mùsùlùmí Tí Ètò Ìlera Kò Dé Ọ̀dọ̀ Wọn

 

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ìpolówó ọjà fún ilé iṣẹ́ oògùn kankan. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni. Nígbàkúgbà tí àwọn elétò ìlera bá gbé kúlà wọn kọ́ èjìká, tí wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ìbéèrè kan náà ló máa ń wọlé sórí fóònù wa: "Alfa, ṣé ká jẹ́ kí wọ́n fún ọmọ?" Ní oṣù October 2023, nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ìbéèrè náà pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní October 2025 tí abẹ́rẹ́ alápapọ̀ ti èéyi àti rubella dé, ó tún di ọ̀tun.

A ṣàkíyèsí nǹkan kan. Àwọn tó ń bi wá kì í ṣe ẹni tí kò rí ìdáhùn rí. Ìdáhùn kún orí WhatsApp bí omi òjò. Ohun tí wọn kò rí ni ẹnìkan tí ọkàn wọn balẹ̀ sí, tó mọ ẹ̀sìn wọn, tó gbọ́ èdè wọn, tí kò sì ní jágbe mọ́ wọn tí wọ́n bá béèrè. Èyí ló mú ká wádìí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí láàrin àwọn Mùsùlùmí níbòmíràn. A ó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, a ó dé Kano, a ó ya Birmingham, ká tó padà wálé.

Àwọn ará Sòmálíà ní Minneapolis

Ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà ni àwọn ará Sòmálíà pọ̀ sí jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, ìlú Minneapolis sì ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ogun tó fọ́ ìjọba wọn ní ọdún 1991 ló tú wọn kúrò nílé. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n kọ́ mọ́sálásí, wọ́n dá ilé-kéwú sílẹ̀, wọ́n ń ṣòwò. Wọ́n mọ èéyi dáadáa láti ilé, nítorí náà wọn kò bá abẹ́rẹ́ rẹ̀ jà nígbà tí wọ́n dé. Ní ọdún 2004, nínú 100 ọmọ Sòmálíà tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ náà, 92 ló gba abẹ́rẹ́ èéyi. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún 2014, 42 péré nínú 100 ló gbà á.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún mẹ́wàá?

Ní nǹkan bí ọdún 2008, àwọn òbí Sòmálíà ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ wọn pọ̀ nínú kíláàsì àwọn ọmọ tó nílò àbójútó pàtàkì. Ọmọ á wà níbẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀, kò ní wo ojú ìyá rẹ̀, á máa ṣe ohun kan náà ní àṣetúnṣe. Autism ni àwọn dókítà pè é. Àwọn òbí béèrè pé kí ló fà á, kí ló dé tó jẹ́ àwọn ọmọ tiwọn. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní ìdáhùn tó yè kooro. Ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn sì dà bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé.

Àwọn tó wọlé ni àwọn tó ń gbógun ti àjẹsára. Andrew Wakefield, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára wọn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ Lancet ní ọdún 1998, èyí tó mú kí ayé máa rò pé abẹ́rẹ́ èéyi ló ń fa autism. Ọmọ 12 péré ni ìwádìí náà dá lé. Nígbà tí oníròyìn kan tú u wò, ó hàn pé wọ́n ti yí àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ náà padà, àti pé Wakefield ti gba owó lọ́wọ́ àwọn lọ́yà tó fẹ́ pe àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ náà lẹ́jọ́. Ní ọdún 2010, Lancet fa ìwádìí náà padà, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ Britain. Síbẹ̀, ní ọdún 2010 àti 2011, ọ̀dọ̀ àwọn òbí Sòmálíà ní Minneapolis ló wá. Ó jókòó tì wọ́n, ó tẹ́tí sí wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyèsí èyí. Ẹni tí wọ́n ti lé kúrò nínú iṣẹ́ ìṣègùn ló ráàyè jókòó ti àwọn ìyá wọ̀nyí. Àwọn tí òtítọ́ wà lọ́wọ́ wọn kò tètè dé. Ìgbà tó di ọdún 2013 ni Yunifásítì Minnesota tó gbé ìwádìí rẹ̀ jáde: nínú ọmọ Sòmálíà 32, ọ̀kan ní autism, nínú ọmọ òyìnbó 36, ọ̀kan ní i. Ìyàtọ̀ kékeré ni. Ní ilẹ̀ Denmark, wọ́n tọpa ọmọ tó lé ní 650,000 fún ọdún pípẹ́, wọ́n sì rí i pé ewu autism fún ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ náà kò ju ti èyí tí kò gbà á lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bí ọmọ nílẹ̀ kí òtítọ́ tó dé.

Ní ọdún 2017, èéyi wọ Minneapolis. Àrùn tí kì í ṣàánú ni: tí ẹni tó ní i bá wà láàrin èèyàn mẹ́wàá tí kò gba abẹ́rẹ́, tí kò sì ní i rí, mẹ́sàn-án nínú wọn lè kó o. Nínú 100 èèyàn, ó yẹ kí 95 ti gba abẹ́rẹ́ kí àrùn náà tó lè rí ọ̀nà dí. Ọmọ Sòmálíà kò tó ìdajì tó gbà á nígbà náà. Èèyàn 75 ló kó èéyi lọ́dún náà, ọmọ Sòmálíà tí kò gba abẹ́rẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Alihamudulilahi, kò sí èyí tó kú, ṣùgbọ́n wọ́n gbé àwọn kan dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn. Ní ọdún 2024, èéyi tún padà wá sí àárín wọn.

Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó jẹ́ ọmọ Sòmálíà fúnra wọn, pẹ̀lú àwọn imaamu wọn, ni ìjọba padà lọ bá. Wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn òbí ní mọ́sálásí àti nínú ilé, wọ́n fi èdè wọn dáhùn ìbéèrè, wọn kò fi àwọn ìyá ṣẹ̀sín. Iṣẹ́ ìfọkàntán kì í yá. Ọdún méjì tó láti bà á jẹ́, ogún ọdún lè má tó láti tún un ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí nìkan ni. Ní ọdún 2025, àwọn Mennonite, ìjọ Kristẹni kan tó ń dá gbé ní ìwọ̀-oòrùn Texas, ni èéyi ti bẹ̀rẹ̀. Èèyàn 762 ló kó o ní ìpínlẹ̀ náà, ọmọ méjì sì kú. Ibikíbi tí èèyàn bá ti wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí àwọn elétò ìlera kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn, ibẹ̀ ni àrùn ti máa ń rí ìjókòó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kano, àti ìpín tiwa níbẹ̀

Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló á sá. A kò lè sọ̀rọ̀ lórí Kano láì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1996. Àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọ lọ rẹpẹtẹ lọ́dún náà. Ilé iṣẹ́ Pfizer gbé oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan wá, wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ bí 200: wọ́n fún ìdajì ní Trovan, wọ́n sì fún ìdajì ní oògùn mìíràn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ló kú nínú wọn. Pfizer sọ pé àrùn náà ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Àwọn òbí sọ pé kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni wọ́n ń fi àwọn ọmọ àwọn ṣe. Ẹjọ́ náà fà títí di ọdún 2009, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà gbà láti san 75 million dọ́là láti fi yanjú rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀kán oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn wọ̀nyí láti ojúlé dé ojúlé, ẹ̀rù tó bà wọ́n ní orísun. Ní ọdún 2003, àhesọ tàn pé wọ́n ti po nǹkan tó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn mọ́ ẹ̀kán oògùn náà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òkè Ọya dá a dúró, Kano ló sì pẹ́ jù: oṣù July 2004 ni wọ́n tó padà bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n lọ ra oògùn tí wọ́n ṣe ní Indonesia, ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí.

A kò ní parọ́ fún yín. Àwa tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà lára àwọn tó tan àhesọ náà kálẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-kéwú nígbà náà, ahọ́n wa dùn, ìwádìí wa kò jinlẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì wáásí kan dé ọwọ́ wa, a gbọ́ ọ, a sì gbé e sọ níbi ìsọmọlórúkọ kan bí ẹni pé a fojú rí i. Àwọn ìyá mi orí, àwọn bàbá ṣe àmíìn. A kò béèrè lọ́wọ́ dókítà kankan, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́hun pàṣẹ fún wa nínú Àlùkùránì pé tí ìròyìn bá dé, ká wádìí rẹ̀ kí á má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn èèyàn léṣe. Àṣẹ yìí wà lórí wa ní àwa oníròyìn, ó sì tún wà lórí wa ní àwa alfa. A kò mọ̀ bóyá ọmọ kan padà ń fi ọwọ́ rìn nílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu wa. A ti tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, a sì ka ìwé tí à ń kọ yìí sí ara gbèsè tí à ń san.

Àrùn kò dúró de ìgbà tí a ó parí àríyànjiyàn. Láti òkè Ọya ni kòkòrò àrùn náà ti gbéra, ó tàn dé nǹkan bí ogún orílẹ̀-èdè, ó gba Sudan, ó dé Saudi Arabia àti Yemen. Ní ọdún 2005 ó dé Indonesia gan-an, ó sì sọ ọmọ tó lé ní 300 di arọ níbẹ̀. Àwọn tí a lọ ra oògùn lọ́wọ́ wọn nítorí pé wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí bíi tiwa, àrùn tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ ló ká àwọn ọmọ wọn mọ́.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe yí padà? Sultan ìlú Sókótó àti àwọn ẹ́míà gbé e lé orí ara wọn. Láti ọdún 2009, ìgbìmọ̀ àwọn ọba alayé ní òkè Ọya ń bójú tó o. Àwọn alfa ńlá fún ọmọ wọn ní ẹ̀kán oògùn náà níta gbangba kí gbogbo èèyàn rí i. Àwọn tí àrùn náà ti sọ di arọ gun kẹ̀kẹ́ wọn láti ilé dé ilé, wọ́n ní, "Ẹ wò wá." Àwọn obìnrin ló ń wọ inú ọgbà tí ọkùnrin kò lè wọ̀. Nínú oṣù February 2013, àwọn oníbọn yìnbọn pa àwọn obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Kano. Ọlọ́hun kó tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àwọn tó kù kò sì jáwọ́. Ní ọdún 2016 ni wọ́n rí ìwọ̀nba tó kẹ́yìn nínú kòkòrò àrùn náà ní Borno, nígbà tó sì di 25 August 2020, wọ́n kéde pé rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ abínibí ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn kan máa ń fi pamọ́, àwa yóò sọ ọ́. Inú ẹ̀kán oògùn náà ni kòkòrò tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára wà. Níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gba àjẹsára, ó lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí òmíràn títí tí yóò fi tún gba agbára. Irú èyí ṣì ń yọ jú ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2021, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú ẹ̀kán oògùn tuntun tí kò fi bẹ́ẹ̀ lè yí padà bẹ́ẹ̀. Ohun tó sì lè dí ọ̀nà rẹ̀ pátápátá ni kí àwọn ọmọ tó gbà á pọ̀ sí i. Bí a bá sọ èyí fún àwọn èèyàn fúnra wa, kò ní di ohun tí wọ́n á gbọ́ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ fi dẹ́rù bà wọ́n.

Bákan náà ni ti Pakistan. Àwọn ọlọ́pàá inú ti Amẹ́ríkà, CIA, lo ètò abẹ́rẹ́ èké ní Abbottabad nígbà tí wọ́n ń wá Osama bin Laden. Nígbà tí àṣírí tú ní ọdún 2011, àwọn elétò ìlera tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló jìyà rẹ̀. Ọdún 2014 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣèlérí pé CIA kò ní lo ètò àjẹsára bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí Mùsùlùmí fọkàn tán òun, kó kọ́kọ́ gbà pé ohun tó ba ìfọkàntán jẹ́ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Kí ni ẹ̀sìn sọ?

Àwọn kan máa ń sọ pé kádàrá ni, abẹ́rẹ́ kò lè yí i. Ẹ jẹ́ ká rántí Sayyidina Umar. Nígbà tó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáàmù, ìròyìn kàn án ní Sargh pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ibẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn sàábé, ó sì pinnu láti padà sẹ́yìn. Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Umar dá a lóhùn pé inú kádàrá Ọlọ́hun ni òun ti ń kúrò, inú kádàrá Ọlọ́hun náà ni òun ń bọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni Abdur-Rahman ọmọ Awf dé, ó sì jẹ́rìí pé òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé kí èèyàn má wọ ìlú tí àrùn bẹ́ẹ̀ bá wà, kí ẹni tó wà níbẹ̀ má sì sá jáde. Ànábì kan náà ló kọ́ wa pé ká so ràkúnmí mọ́lẹ̀ ká tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Okùn ràkúnmí ni àjẹsára.

Àwọn mìíràn ń béèrè nípa ohun tí wọ́n fi ẹlẹ́dẹ̀ ṣe. Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Nínú àwọn abẹ́rẹ́ kan, wọ́n máa ń lo gelatin tí wọ́n rí lára ẹlẹ́dẹ̀. Ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ sharia àti àwọn dókítà jókòó ní Kuwait lórí rẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò pé tí nǹkan bá ti yí padà pátápátá kúrò ní ìrí rẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn ohun tí àwọn onífíkíì ń pè ní istihala, ìdájọ́ rẹ̀ náà yí padà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gba èyí ṣì ní ọ̀nà. Ní ilẹ̀ Britain, irú abẹ́rẹ́ èéyi, sẹ̀gẹ̀dẹ̀ àti rubella méjì ló wà, èyí tó ń jẹ́ Priorix kò sì ní gelatin. Òbí lè béèrè fún un lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní London àti Manchester, ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ láìgbà á nítorí ohun tí ìbéèrè kan péré lè yanjú.

Ẹ sì jẹ́ ká bi ara wa léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ta ni nínú àwọn Aláájì àti Alhaja wa tó kọ abẹ́rẹ́ yírùnyírùn kó tó lọ sí Mẹ́kà? Saudi Arabia kò gba ẹnikẹ́ni láì gbà á. Àwọn arìnrìn-àjò láti Nàìjíríà tún máa ń lá ẹ̀kán rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. A ń ká ọwọ́ aṣọ sókè, a ń sọ pé bismillahi. Bí ó bá dára fún àgbà tó ń lọ ṣe Haji, kí ló dé tó fi di èèwọ̀ fún ọmọ tó wà lórí ẹní nílé?

Birmingham: nígbà tí mọ́sálásí di ibi abẹ́rẹ́

Nígbà àrùn Kòrónà ní Britain, àwọn Mùsùlùmí wà lára àwọn tí ikú pọ̀ láàrin wọn jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń wa takisí àti bọ́ọ̀sì, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n sì pọ̀ nínú ilé kan. Ní oṣù January 2021, Al-Abbas Islamic Centre ní Balsall Heath ní Birmingham ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó di mọ́sálásí àkọ́kọ́ ní Britain tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ náà. Nígbà tí àwẹ̀ Rọmọdáànù dé lọ́dún náà, àwọn dókítà Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ British Islamic Medical Association ti bá àwọn onímọ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú, wọ́n sì sọ fún àwọn èèyàn pé abẹ́rẹ́ náà kì í ba àwẹ̀ jẹ́. Wọn kò dúró kí àhesọ kọ́kọ́ dé. Èyí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin ti Birmingham àti ti Minneapolis.

Nílé tiwa ńkọ́?

Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ kankan rí pọ̀ sí jù lọ láyé. Wọ́n lé ní 2 million. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òkè Ọya nìkan ni. Ẹ lọ sí gáà àwọn Fúlàní ní Òkè-Ògùn àti ní Kwara. Ẹ lọ sí orí omi ní Mákòókó láàrin àwọn Ègùn. Ẹ lọ sí Sábó nínú àwọn ìlú wa ńlá, ẹ wo àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè Ọya dé. Àárín wa ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò sí ni wọ́n ń rí. Inú ilé ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bímọ, ọmọ kò ní káàdì. Màlúù ṣí, wọ́n ṣí tẹ̀lé e. Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yorùbá ni wọ́n kọ sára pátákó ètò ìlera, Fulfulde ni ìyá ọmọ gbọ́.

A bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ ní irú gáà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò kúrò lọ́kàn wa. Ó ní, "Ẹ̀kán oògùn yìí ni wọ́n máa ń gbé wá. Ibà mú ọmọ mi lóru, mo gbé e dé ilé ìwòsàn, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ àrùn tí ọmọ mi kò ní nìkan ni wọ́n mọ̀?" Kí ìjọba gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tí ẹ kò bá fún ní oògùn ibà yóò fura sí oògùn ọ̀fẹ́. Bí nọ́ọ̀sì bá wà, tí omi wà, tí oògùn ibà wà pẹ̀lú, àlàyé lórí àjẹsára á dín kù.

Ní ti àwa aṣáájú ẹ̀sìn, nǹkan mẹ́rin ni a rí pé agbára wa ká.

Èkíní, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Alfa wà lára àwọn tó máa ń kọ́kọ́ gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ yẹn, ó yẹ kí ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, àti ẹ̀kán oògùn àkọ́kọ́. Kí alfa béèrè pé, "Káàdì ọmọ ńkọ́?" kó tó ṣe àdúà. Kó rán wọn létí ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, àti oṣù kẹsàn-án àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún tí abẹ́rẹ́ èéyi wà fún. Ìbéèrè yìí kò gba ìṣẹ́jú kan.

Èkejì, àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù ọjọ́ Àìkú. Àwọn ìyá ló pọ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì tó jẹ́ Mùsùlùmí obìnrin, kó jókòó, kó dáhùn ìbéèrè. Ẹlẹ́ha tí kì í jáde, kí obìnrin lọ bá a nílé. Ìyá tó ní òun ń dúró de àṣẹ bàbá ọmọ, kí lémọ́ọ̀mù bá bàbá náà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun jímọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí lémọ́ọ̀mù àgbà ìlú mọ lémọ́ọ̀mù Sábó àti aríwájú gáà, kí wọ́n jọ jókòó kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi èdè rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ ń wọ̀ létí.

Ẹ̀kẹrin, ká máa sọ òdodo. Apá ọmọ lè wú, ara rẹ̀ lè gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè ṣẹlẹ̀, kí òbí mọ ibi tó yẹ kó sáré gbé ọmọ lọ. Ẹni tí a bá ti sọ fún tẹ́lẹ̀ kò ní sọ pé a tan òun.

Ẹ̀yin ará wa, ibikíbi tí a dé nínú ìrìn-àjò yìí, àwọn òbí tí a bá pàdé fẹ́ràn ọmọ wọn. Kò sí ìyàtọ̀ nínú ìfẹ́ yẹn. Ìyàtọ̀ wà nínú ẹni tó kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Bí alfa bá dákẹ́, fídíò WhatsApp kò ní dákẹ́. Bí àwa náà bá sì sọ̀rọ̀ láì wádìí, bí a ti ṣe níjọ́sí, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò san owó rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun dá àwọn ọmọ wa sí, kó fi ìlera fún wọn, kó dárí àṣìṣe ahọ́n wa jì wá, kó sì fi wá sí ara àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀lé èyí tó dára jù nínú rẹ̀. Àmíìn.